Ṣakabùlà: Ìbọn Baba Wa, Ìlànà Baba Wa

Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn àgbà ẹgbẹ́ wa sọ ní ọjọ́ àpérò tí ó ṣáájú ọdún ìbílẹ̀ wa ní Cadjèhoun, Kútọnu. A tẹ̀ ẹ́ síbí bí ó ṣe sọ ọ́.

    

Ẹgbẹ́ ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ìbọn ṣakabùlà. Mo mọ ohun tó fà á. Nígbà tí a ń ṣètò ọdún tó kọjá, àwọn ọ̀dọ́ wa fẹ́ kí ìbọn dún ní ìta gbangba nígbà tí ọdún bá bẹ̀rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń dún nílé. Àwọn aláṣẹ àdúgbò ní kò ṣeé ṣe. Àwọn kan bínú, wọ́n ní ìjọba fẹ́ pa àṣà wa rẹ́. Ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa.

Èmi tí mo ń sọ̀rọ̀ yìí, mo ń ṣe ìbọn, mo sì ń yìn ín. Síbẹ̀, ẹ̀yìn àwọn aláṣẹ ni mo wà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ fún mi ní àyè kí n ro ìdí rẹ̀ fún yín. Bí mo bá parí, ẹni tí inú bá ṣì ń bí, kí ó wá bá mi.

Bí mo ṣe di ẹni tó ń ṣe ìbọn

Ọmọ alágbẹ̀dẹ ni mí, láti abúlé kan ní ilẹ̀ Kétu. Bàbá mi ń rọ ọkọ́ àti àdá fún àwọn àgbẹ̀, ó sì ń tún ìbọn ṣe fún àwọn ọdẹ. Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹwìrì fẹ́ iná fún un. Nígbà tí mo dàgbà, mo wá sí Kútọnu, mo kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ, mo sì ṣiṣẹ́ ní èbúté títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ìbọn kọ́ ni mo fi tọ́ ọmọ.

Nígbà tí bàbá mi kú, mo ṣí àpótí irinṣẹ́ rẹ̀. Mo bá ìdí ìbọn kan níbẹ̀ tí ó fi igi apá gbẹ́, tí ó kù díẹ̀ kí ó parí. Àmì ọ̀bẹ rẹ̀ ṣì wà lára igi náà. Mo gbé e lọ bá ẹni tí ó jogún àgbẹ̀dẹ bàbá mi, ọkùnrin tí ìjọba mọ̀ ní alágbẹ̀dẹ, tí ìwé rẹ̀ sì pé. Èmi àti òun jọ parí ìbọn náà. Láti ìgbà náà, bí àyè bá ṣí sílẹ̀ ní òpin ọ̀sẹ̀, mo máa ń wọ ọkọ̀ lọ sílé, mo máa ń jókòó ti iná àgbẹ̀dẹ. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ mi ń ta ayò, àwọn kan ń wo bọ́ọ̀lù. Èmi, igi àti irin ni mo fi ń najú.

Ibi tí ìbọn yìí ti wá

Ìbọn kì í ṣe ohun tí Odùduwà gbé wá. Ọrun àti ọfà ni àwọn baba wa àkọ́kọ́ lò. Ìlú Kétu gan-an, ọdẹ ló fọ̀nà hàn wá síbẹ̀: ìtàn sọ pé nígbà tí Ọba Ede ń kó àwọn ènìyàn rẹ̀ bọ̀ láti Aro, ọdẹ kan tí ń jẹ́ Alalumon ló ṣíwájú wọn. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil kò gbàgbé èyí. Títí dòní, nínú àwọn ilé ìsìn Candomblé, Ọ̀ṣọ́ọ̀sì òrìṣà ọdẹ ni wọ́n ń pè ní ọba Kétu, ọrun àti ọfà ló sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn òyìnbó ni wọ́n fi ọkọ̀ òkun kó ìbọn wá sí etíkun. Ní Ouidah àti ní àwọn èbúté yòókù, ìbọn àti ẹ̀tù wà lára ohun tí wọ́n fi ń ra ènìyàn. A kò gbọdọ̀ fi èyí pamọ́ fún àwọn ọmọ wa nítorí pé a fẹ́ràn ìbọn. Àwọn ará Dẹ́ńmárkì, tí wọ́n ní odi Christiansborg ní Accra kí wọ́n tó tà á fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1850, ta ìbọn olóhùn gbọọrọ yìí tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi orúkọ ìlú wọn pe ìbọn náà. Ṣùgbọ́n ìlú Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ìlú Liège ní Bẹ́ljíọ̀m ni wọ́n ti rọ èyí tó pọ̀ jù nínú wọn.

Nígbà tí ìbọn dé ọ̀dọ̀ wa, ó yí ogun padà. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, sọ bí ìbọn tí àwọn Ìjẹ̀bú rí rà nítorí pé wọ́n sún mọ́ òkun ṣe ṣiṣẹ́ nínú ogun Òwu. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹta ọdún 1851, àwọn ọmọ ogun Dàhòmì, ọkùnrin àti obìnrin, dojú kọ Abẹ́òkúta. Ìbọn tí a ń ki láti ẹnu ni wọ́n gbé, òun náà sì ni àwọn Ẹ̀gbá fi lé wọn padà. Wọ́n tún wá ní 1864. Ní 1886, Dàhòmì fọ́ ìlú Kétu. Ọdún tí ó ṣáájú rẹ̀ àti ọdún náà gan-an, ogun mìíràn ṣì ń lọ lọ́wọ́ láàárín Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877. Ìró ìbọn ogun yẹn ló bí orúkọ rẹ̀, Kírìjì.

N kò sọ èyí láti tún ojú ọgbẹ́ ṣí. Ọmọ Àgbómì àti ọmọ Kétu ti di àna ara wọn. Ẹ wo inú gbọ̀ngàn yìí, ẹ ó rí wọn. Ère obìnrin jagunjagun tí ìjọba ṣí ní Kútọnu níbí ní 2022, tí ó ga ní mítà 30, ti gbogbo wa ni. Mo sọ ọ́ kí ẹ lè mọ̀ pé ìbọn yìí kò fìgbà kan jẹ́ ohun ìṣeré.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀. Kí ló dé tí ṣakabùlà fi pẹ́ lọ́wọ́ wa, nígbà tí ayé ti ní ìbọn tí ó yára jù ú lọ? Òfin ló fà á. Ní ọjọ́ kejì oṣù keje ọdún 1890, àwọn ìjọba òyìnbó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn kan ní Brussels. Wọ́n ní àwọn kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ìbọn ìgbàlódé wọ apá tí ó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ Áfíríkà. Ìbọn olókùúta tí inú irin rẹ̀ dán, àti ẹ̀tù lásán, ni wọ́n fi sílẹ̀ pé a lè tà, bí aláṣẹ bá gbà á láyè. Ọdún yẹn kan náà ni àwọn Faransé àti àwọn ọmọ ogun Béhanzin jà ní Kútọnu níbí. Lẹ́yìn tí wọ́n ṣẹ́gun, ìbọn tó yára di tiwọn, ṣakabùlà di tiwa. Àwọn baba wa mú ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ fún wọn, wọ́n sì sọ ọ́ di iṣẹ́ ọwọ́.

Bí a ṣe ń ṣe é

Ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọn alágbẹ̀dẹ wa kàn ń tún èyí tó bàjẹ́ ṣe ni. Òkúta rẹ̀ á gbó, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń ta á á ṣẹ́, igi rẹ̀ á là. Nígbà tí ó yá, wọ́n mọ̀ ọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi lè ṣe gbogbo rẹ̀ fúnra wọn. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àwọn alágbẹ̀dẹ ilẹ̀ yìí kò mọ nǹkan. Ère irin Gou, ẹni tí àwa ń pè ní Ògún, tí Akati Ekplékendo rọ nígbà ayé Ọba Glèlè, wà ní Louvre ní Paris di òní olónìí. Nígbà tí Faransé dá ohun ìṣẹ̀ǹbáyé 26 padà fún Bẹ̀nẹ̀ ní 2021, wọn kò fi í kún un.

Ọ̀nà mẹ́ta ni ìbọn pín sí: igi, irin, àti ẹ̀rọ kékeré tí ń ta iná. Igi gbọ́dọ̀ le, kí ó sì gbẹ. Bàbá mi máa ń gbé igi sí òkè àjà lókè ibi ìdáná ìyá mi fún odidi ọdún kan kí ó tó fi ọ̀bẹ kàn án. Igi tí kò gbẹ yóò yí lẹ́yìn òjò méjì, irin kò sì ní jókòó dáadáa mọ́. Gbígbẹ́ ihò tí irin yóò sùn sí ni ó gba sùúrù jù. A máa ń fi èédú kun ìsàlẹ̀ irin, a ó gbé e sínú igi, a ó gbé e kúrò. Ibi tí èédú bá ta sí ni a ó fá díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni a ó máa ṣe títí èédú yóò fi ta sí gbogbo ibẹ̀ dọ́gba. Mo ti lo òpin ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lórí ihò kan ṣoṣo rí.

Ẹ̀rọ kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ó dùn mọ́ mi jù. Bí a bá fa ìbọn, irin tí ó di òkúta mú yóò ṣubú, òkúta yóò ha irin líle kan, iná yóò ta sí orí ẹ̀tù díẹ̀ tó wà nínú àwo kékeré. Iná náà yóò gba ihò ẹ̀gbẹ́ irin wọlé lọ bá ẹ̀tù inú. Láàárín ìgbà tí o fà á àti ìgbà tí ó dún, àyè kékeré kan wà. Ẹni tí ó bá mira nínú àyè yẹn kò ní bá ohun tí ó fojú sí. Àyè kékeré yẹn ló kọ́ mi ní sùúrù ju ìwàásù lọ.

Irin olóhùn gbọọrọ ni ó ṣòro jù, ibẹ̀ ni ikú sì wà. Ẹ fetí sí èyí dáadáa. Láti ọdún 1672 ni ìlú Liège ti ní ilé tí wọ́n ti ń dán irin ìbọn wò. Birmingham ní tirẹ̀ ní 1813, nípa òfin ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn. Wọn a ki ẹ̀tù tó ju ìwọ̀n lọ sínú irin náà, wọn a yìn ín níbi tí ènìyàn kò sí. Bí kò bá fọ́, wọn a lù ú lóǹtẹ̀. Bí ó bá fọ́, kò séwu, kò tíì dé ọwọ́ ẹnikẹ́ni.

Bàbá mi kò mọ Liège. Ṣùgbọ́n kò sí ìbọn tí ó jáde kúrò ní àgbẹ̀dẹ rẹ̀ tí kò kọ́kọ́ dè mọ́ kùkùté ní ẹ̀yìn ilé. Yóò lé gbogbo ọmọdé wọlé, yóò lọ sí ẹ̀yìn ogiri, yóò fi okùn gígùn fà á. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni yóò ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò fi omi gbígbóná fọ irin náà, yóò fi ìka wá gbogbo ara rẹ̀ bóyá ó wú níbì kan. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn rẹ̀, nígbà tí mo kà nípa ilé ìdánwò àwọn òyìnbó, mo rẹ́rìn-ín. Ọgbọ́n kan náà ni.

Ìgbádùn tó wà nínú yíyìn ín

N kì í ṣe ọdẹ. N kò pa ẹran rí, ẹran igbó kò sì pọ̀ mọ́ tí ènìyàn yóò máa fi ìgbádùn pa. Igbá tó ti fọ́ ni mo máa ń gbé sí iwájú òkìtì amọ̀ gíga, ní ẹ̀yìn oko, ní ibi tí ọ̀nà kankan kò gbà kọjá. Inú irin ṣakabùlà dán ni, kò ní ìlà tí ń yí ọta bíi ti ìbọn ìgbàlódé, nítorí náà kì í jìnnà. Ogójì ìṣísẹ̀ ti tó mi. Bí mo bá ba igbá náà lẹ́ẹ̀mẹta nínú márùn-ún, mo ti láyọ̀ títí di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Lẹ́ẹ̀kan náà, a kò lè yára. Ẹ̀tù tí a fi àdó wọ̀n, fọ́nrán ẹyìn tí a fi ọ̀pá tì í mọ́lẹ̀, ọta, fọ́nrán mìíràn. Lẹ́yìn ìró rẹ̀, èéfín funfun yóò bò ọ́, òórùn rẹ̀ a dà bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Nírọ̀lẹ́, bí ó ti wù kí ó rẹ̀ ọ́ tó, o gbọ́dọ̀ fi omi gbígbóná fọ inú irin, kí o nù ún, kí o fi àdín pa á. Eérú ẹ̀tù kò ní jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ kí ó tó dípẹtà.

A kò dá nìkan wà nínú ìgbádùn yìí. Ní Amẹ́ríkà, láti 1933 ni ẹgbẹ́ àwọn tó ń yin ìbọn àtijọ́ ti wà, wọ́n sì máa ń pàdé ní Friendship, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Indiana. Dókítà, àgbẹ̀, olùkọ́, gbogbo wọn ni ó ń fi ọwọ́ ara wọn gbẹ́ ìdí ìbọn níbẹ̀. Ní Mòrókò, àwọn ẹlẹ́ṣin máa ń gbé ìbọn tí a ń ki láti ẹnu, wọn a sáré pọ̀, wọn a sì yìn ín lẹ́ẹ̀kan náà débi pé ìró kan ṣoṣo ni etí yóò gbọ́. Ẹ̀tù nìkan ni, kò sí ọta. Olórí kan ní ń pàṣẹ fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Tbourida ni wọ́n ń pè é, UNESCO sì kọ ọ́ sínú ìwé ogún ayé ní 2021, bí wọ́n ti ṣe fún Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wa. Ẹ kíyè sí i: ìlànà ló gbé wọn débẹ̀. Bí olúkúlùkù bá ń yin tirẹ̀ bó ti wù ú, ta ni yóò fi irú rẹ̀ yangàn?

Ọjọ́ tí ìbọn fọ́

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ibi tí ó ń dùn mí ni mo dé yìí.

Ọdẹ àgbà kan kú ní abúlé wa ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn. Ẹ mọ̀ pé ọdẹ kì í lọ ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Ìjálá dún, àwọn ọdẹ wọ gbérí, ìbọn sì gbọ́dọ̀ dún láti sin ọdẹ. Ìbọn tó wà nílẹ̀ kò tó, ni àwọn ọ̀dọ́ bá yá òmíràn. Ọ̀kan nínú wọn, ẹnì kan tí kì í ṣe alágbẹ̀dẹ ló ṣe é. Páìpù omi ni ó gé, ó dí ìdí rẹ̀ pa, ó kùn ún dúdú kí ó lè jọ ti àtijọ́. Páìpù bẹ́ẹ̀, irin pẹlẹbẹ ni wọ́n ká, tí wọ́n sì jó ẹnu rẹ̀ pọ̀. Omi ni wọ́n ṣe é fún. Ẹnikẹ́ni kò dè é mọ́ kùkùté rí.

Àbúrò mi, ọmọ àbúrò bàbá mi, ló gbé e. Ó ti mu ọtí díẹ̀, gbogbo ènìyàn ló mu. Kò fi àdó wọn ẹ̀tù, àtẹ́lẹwọ́ ni ó fi bù ú. Ó yìn ín lẹ́ẹ̀kan, àwọn ènìyàn hó. Ó yìn ín lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n ní kí ó fi kún un. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ìró rẹ̀ kò dà bí ti ìbọn. Èmi tí mo mọ ìró náà, mo ti ń sáré kí èéfín tó lọ. Páìpù náà ti là ní ojú ibi tí wọ́n jó o pọ̀. Ìka méjì ti lọ ní ọwọ́ òsì rẹ̀, irin sì ti ya ojú ọmọ kan tí ó dúró tì í. Ojú ọmọ náà kò fọ́, a dúpẹ́. Ìka kò padà.

Téló ni àbúrò mi. Ẹ mọ ohun tí ìka òsì jẹ́ fún téló.

Mo wà níbẹ̀. Mo rí ìbọn náà kí ó tó dún. Mo rí i pé ojú irin rẹ̀ kò dára, mo sì sọ fún ara mi pé ìsìnkú ni, n kò fẹ́ dójú ti ẹnikẹ́ni láàárín àlejò. Mo dákẹ́. Àwọn àgbà ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà lọ́jà, orí ọmọ sì wọ́. Ìdí nìyí tí n kò fi ní dákẹ́ mọ́.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé àṣà ló gé ìka àbúrò mi. Àṣà ni kùkùté àti okùn gígùn. Àṣà ni àdó tí a fi ń wọn ẹ̀tù. Gbogbo ohun tí ó jẹ́ àṣà nínú ìbọn yẹn ni a fi sílẹ̀ ní ọjọ́ náà, ariwo rẹ̀ nìkan ni a mú.

Ohun tí òfin ń bi wá

Àwọn kan ní òfin kò kan ìbọn baba ẹni. Ó kàn án. Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹfà ọdún 2006, àwọn orílẹ̀-èdè CEDEAO fọwọ́ sí àdéhùn lórí ìbọn kékeré ní Abuja, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2009. Àdéhùn náà kò gbàgbé àwọn alágbẹ̀dẹ. Ó ní kí ìjọba kọ̀ọ̀kan mọ àwọn tí ń ṣe ìbọn ní ìlú wọn, kí wọ́n kọ orúkọ wọn sílẹ̀, kí wọ́n sì máa ṣọ́ ohun tí wọ́n ń ṣe àti bí wọ́n ṣe ń tà á. Ó tún ní kí ìbọn ní àmì tí a lè fi mọ ibi tí ó ti wá.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí ń dẹ́rù ba àwọn alágbẹ̀dẹ wa. Wọ́n rò pé bí orúkọ bá ti wọ ìwé ìjọba, ẹ̀wọ̀n ló kàn. Ẹ̀yin aláṣẹ tí ẹ wà níbí, mo bẹ̀ yín, ẹ bá wa mú ẹ̀rù yẹn kúrò. Alágbẹ̀dẹ tí ó fara pamọ́ kò ní rí ọmọ kọ́ṣẹ́, nítorí ta ni yóò fi ọmọ rẹ̀ sí iṣẹ́ tí à ń ṣe lóru? Bí àwọn tó mọ iṣẹ́ bá sì tán, àwọn ọ̀gbẹ́ni páìpù omi ni yóò kù. Ẹni tí ó fẹ́ ìbọn yóò ṣì rí i. Èyí tí yóò fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ ni yóò rí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa náà, ẹ gbọ́. Cadjèhoun kì í ṣe oko. Pápákọ̀ òfurufú Bernardin Gantin nìyẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ilé ìwé ń bẹ, ọjà ń bẹ, ọlọ́kadà ń kọjá, aláìsàn ń sùn. Ìró tí ó ń sọ fún ará abúlé pé ọdún ti dé, bí ó bá dún níbí, ìpayà ni yóò sọ fún ẹni tí kò mọ̀ wá. Baba wa kò yìnbọn láàárín ọjà rí kí ó tó sọ fún Baálẹ̀. Olórí àdúgbò ni Baálẹ̀ wa níbí.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún

Mo ní ohun márùn-ún tí mo fẹ́ kí ẹgbẹ́ yìí fọwọ́ sí.

Ìkíní, kí ìbọn má ṣe dún ní ọdún wa ní Cadjèhoun. Dípò rẹ̀, kí a tẹ́ tábìlì kan, kí a gbé ṣakabùlà sí i, láìsí ẹ̀tù, láìsí ọta, kí ọlọ́pàá sì ti yẹ̀ wọ́n wò. Kí alágbẹ̀dẹ jókòó síbẹ̀, kí ó tú ẹ̀rọ rẹ̀ sílẹ̀, kí ó fi han àwọn ọmọ wa bí òkúta ṣe ń bí iná. Ọmọ tí ó bá ti rí inú ìbọn, ojú rẹ̀ kò ní máa wá ariwo rẹ̀ nìkan. Agogo àti ìlù ti tó láti ṣí ọdún níbí.

Ìkejì, ní ilé, níbi ọdún Ògún àti ìsìnkú ọdẹ, kí ìbọn tí yóò dún jẹ́ èyí tí alágbẹ̀dẹ tí a mọ̀ ti dè mọ́ kùkùté, tí ó ti dán wò lẹ́ẹ̀mẹta, tí ìwé rẹ̀ sì pé. Kí a sọ fún ilé ìjọba ìlú àti ọlọ́pàá ṣáájú ọjọ́ náà. Ìbọn páìpù omi, kí a má ṣe gbà á láyè, kódà bí ọmọ Olúọdẹ bá gbé e wá.

Ìkẹta, àdó kan, ìwọ̀n kan. Kí ẹnì kan ṣoṣo, tí kò mu ọtí, máa wọn ẹ̀tù fún gbogbo ènìyàn. Kò sí ọta ní ọjọ́ ayẹyẹ. Kò sí ọmọdé nítòsí. Bí ìbọn bá kọ̀ tí kò dún, kí a kọjú rẹ̀ sí òkìtì, kí a dúró pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Iná lè sùn nínú ẹ̀tù kí ó tó jí.

Ìkẹrin, kí a yọ díẹ̀ nínú owó ọdún yìí láti fi ọmọ méjì sí ẹnu iṣẹ́ lọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ tí ìwé rẹ̀ pé. Wọn yóò kọ́ ọkọ́ àti àdá rírọ kí wọ́n lè jẹun, wọn yóò sì kọ́ bí a ṣe ń dá ìbọn rere mọ̀ yàtọ̀ sí ìbọn burúkú. Mo ti fi irinṣẹ́ bàbá mi sílẹ̀ fún wọn. Ẹwìrì rẹ̀ ṣì ń fẹ́.

Ìkarùn-ún, ẹni tí ó bá rí ìbọn tí kò dára, kí ó sọ̀rọ̀ níbẹ̀, kódà níwájú àlejò, kódà níwájú òkú. Kí ẹgbẹ́ dúró tì í. Èyí ni mo bẹ̀ yín jù. Bí mo bá sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ yẹn, wọn ìbá bínú sí mi fún ọ̀sẹ̀ kan, àbúrò mi ìbá sì máa fi ìka mẹ́wàá ránṣọ.

Àbúrò mi yẹn wà nínú gbọ̀ngàn yìí lónìí. Òun ló ní kí n sọ ọ́. Aṣọ ẹgbẹ́ tí púpọ̀ nínú yín wọ̀ yìí, òun ló rán an pẹ̀lú ohun tí ó kù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó pẹ́ jù ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ̀yin náà mọ̀, ẹ sì ṣe sùúrù fún un. Ẹ ṣeun.

Ògún tó ni irin, kí ó má jẹ́ kí irin mu ẹ̀jẹ̀ wa. Ẹ̀yin Mùsùlùmí, ẹ̀yin ọmọ ìjọ, ẹ bá wa ṣe àmín tiyín. Ọdún yìí yóò tura fún wa. A ó ṣe é, a ó padà sílé, ọwọ́ olúkúlùkù yóò pé. Àṣẹ.